Aago Ọwọ́ Màmá Mi

Ẹ̀gbọ́n olóòtú, ẹ kú ìdúró tì wá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Aránṣọ ni mí.

Mo ra aago ọwọ́ fún màmá mi, tó máa ń pe fóònù mi bí wọ́n bá ṣubú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè. Mo pa máṣíìnì tì, mo sáré dé ilé wọn, mo bá wọn lórí àga. Àṣé wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ọwọ́ tí aago wà gbá tábìlì kó lè pè mí ni!

“Tí mi ò bá ṣubú, ìgbà wo lo máa yọjú?”

Ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu, ni mo bá jágbe mọ́ wọn.

Lánàá mo yà síbẹ̀ láìjẹ́ pé aago pè mí. Wọ́n ti bọ́ ọ sínú páálí rẹ̀.

“Mi ò ní dí ẹ lọ́wọ́ mọ́.”

Ẹ̀yin olùgbọ́, tí wọ́n bá wá ṣubú lóòótọ́ ńkọ́?