Jígí Aláwọ Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́

Festac Town,
Oṣù Kejì, 1986.

Bọ̀dá mi, ẹ kú òtútù Jẹ́mánì. Ẹ bá wa kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Màmá ń kí yín láti Ìkirè. Orúnkún ṣì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Sìlífátù ọmọ wa ti wọlé ìwé. Ọjà ò fi bẹ́ẹ̀ tà, ó kàn rẹ̀ mí ni.

Jígí dúdú tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ọkọ mi, àbúrò yín, ti dé. Mo gbé e fún Sùrájù tó ń ta jígí ní Apple Junction kó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó gbóòórùn awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní awọ gidi ni, wọ́n rán an ni, wọn ò lẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ rà á, mo kọ̀.

Àmọ́ kò tíì ṣe wá láǹfààní. Dókítà ní oòrùn ò gbọdọ̀ kan ojú tí iná wẹ́dà bà jẹ́ yẹn, àbúrò yín sì ní àfojúdi ni kéèyàn fi jígí dúdú sójú kí àgbà. Gbogbo àgbà tó bá pàdé kó tó dé ṣọ́ọ̀bù ní Mazamaza ló ń yọ ọ́ fún. Tó bá fi máa délé, ojú ti pọ́n. Mo sọ̀rọ̀ títí, ó sú mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí i pé kó má yọ ọ́ mọ́. Tiyín nìkan ló máa gbọ́. Tó bá ń jáde láàárọ̀, ó máa ń yọ jígí kó tó kí fótò yín ní pálọ̀.

Ọlọ́run á jẹ́ kó fojú méjèèjì rí yín.

Èmi ni Àjíkẹ́, ìyàwó yín.