Kòkó Létí Pápá Kilikítì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà

Ó yé mi lónìí. Nínú ilé ìpàdé ni, bí mo ṣe jókòó sórí ẹní lẹ́yìn àwọn obìnrin. Òpó kọ̀ọ̀kan ló ní olóyè tó ń fẹ̀yìn tì í. Òpó kan ṣófo – ara ẹni tó ni ín kò yá. Ọ̀rọ̀ páìpù omi lásán ni wọ́n fẹ́ sọ, wọn ò sọ ọ́. Wọ́n kàn ń mu 'ava, omi egbò tí a fi ń ṣe ìpàdé, jẹ́jẹ́, títí ọmọkùnrin aláìsàn náà fi sáré dé, tó fẹ̀yìn ti òpó bàbá rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹnu ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Ní Auckland lókè òkun, níbi tí mo ti kàwé nípa òwò, tíṣà wa a máa ya róbótó róbótó sójú pátákó, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àwọn tí ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ kàn. Oníbàárà níhìn-ín, òṣìṣẹ́ lọ́hùn-ún. Mo há a sórí, mo yege. Kò yé mi. Òpó tó ṣófo ló là mí lójú – gbàgbé ẹnì kan, ọ̀rọ̀ ò ní gbéra nílẹ̀.

Mo sọ fún Àǹtí Lanuola. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Owó ilé-ìwé tí bàbá ẹ san nù un o! Òpó ló wá kọ́ ẹ."

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Iṣẹ́ dé! Oníṣokoléètì – Míìsì Croft, ará Auckland – fẹ́ ra kòkó tí àwọn àgbẹ̀ wa ń kó wá sọ́dọ̀ Àǹtí. Ohun kan ni kò fẹ́: èéfín. Iná igi la fi ń gbẹ kòkó láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó ní oòrùn ni kí a sá a sí, lórí tábìlì gíga. Ó ń bọ̀ wá wò ó ní Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí kò bá bá tábìlì nínú oòrùn, abúlé mìíràn ló ń lọ, àwọn àgbẹ̀ wa á sì padà sọ́dọ̀ oníṣòwò Apia, olú ìlú wa, tó ń ra kòkó wọn bí ẹni ra pàǹtírí.

Igi bo gbogbo ilẹ̀ wa. Àfi pápá àárín abúlé.

Àǹtí ní, "Ìwọ lo kàwé ẹ̀. Wá ọ̀nà fún wa."

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé oúnjẹ sórí iná.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo ti kan èèkàn mẹ́rin sí pápá, níbi tí tábìlì máa dúró sí, mo fi okùn yí i ká. Ó rẹwà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Ẹnì kan ti so imọ̀ àgbọn tútù mọ́ èèkàn mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo rò pé wọ́n ń kí mi kú iṣẹ́. Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sílé ní Auckland.

Àǹtí rí fọ́tò náà, ó wó jókòó. "Ọmọ yìí! Èèwọ̀ ni wọ́n so mọ́ ọ! Kí ẹnikẹ́ni má fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ mọ́. Ìwọ wá ń ya fọ́tò ẹjọ́ ara ẹ?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Pápá ti di títì. Baba Ọ̀pá ló tì í – Faleafa, agbẹnusọ àwọn olóyè. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ọ̀pá, nítorí ọ̀pá gígùn tó ń gbé dání bó bá ń sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Wàhálà kejì. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kò rí ibi gbá kilikítì – bọ́ọ̀lù onígi wa, ìdajì eré, ìdajì ijó. Vaosa, olórí wọn, tí mo ń pè ní Fèrè nítorí fèrè tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ọmọ Auckland, o kú ọgbọ́n o! Ìdíje wa kù díẹ̀, o wá de pápá bí ẹni de ẹlẹ́dẹ̀." Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ṣàlàyé tábìlì. "Tábìlì? Kí bọ́ọ̀lù mi lè máa rí ibi jẹun?"

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ṣọ́ọ̀ṣì. Oúnjẹ. Oorun. Ẹnikẹ́ni ò bá mi jà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Èmi àti Àǹtí gbé egbò 'ava lọ fi tuba lọ́dọ̀ Baba Ọ̀pá. Láti àárọ̀ àná ni mo ti ń há ọ̀rọ̀ sórí: èdè wa ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ fún ilé olóyè, fún oúnjẹ olóyè, fún oorun olóyè pàápàá. Mo ṣì ṣe àṣìṣe. Ojú bàbá le bí òkúta. Ó ní, "A ò kọ tábìlì. O kan èèkàn kí o tó la ẹnu ni." Ó bi mí pé ta ni mo ti bi léèrè. Mo ní Míìsì Croft, àwọn àgbẹ̀, Àǹtí. "Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ńkọ́?" Mo jẹ́wọ́ pé n kò bi wọ́n.

Ìpàdé di Ọjọ́bọ̀. Kí Fèrè náà wá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Kí n tètè kọ ọ́! Fèrè ní tábìlì lè wà létí pápá, kò lè wà láàárín. Àwọn àgbẹ̀ ní kòkó tí wọn ò bá yí léraléra á bu – ta ló fẹ́ máa ti oko bọ̀ wá yí i? Ariwo ta. Ẹsẹ̀ mi ti kú lábẹ́ mi. Mo nawọ́. Mo ní: ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá balẹ̀ sórí tábìlì, kó lọ yí kòkó. Kí a fi àwọ̀n ẹja bò ó, kí bọ́ọ̀lù má fọ́n ọn ká.

Baba Ọ̀pá wá rẹ́rìn-ín – n kò mọ̀ pé ó ní eyín wúrà! "Vaosa, ìwọ lo máa yí gbogbo kòkó erékùṣù Savai'i." Fèrè ní, "Ẹ kúkú sọ pé agbára apá mi ń bà yín lẹ́rù."

Wọ́n tú imọ̀ àgbọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Oníṣokoléètì dé, eré ń lọ lọ́wọ́. Fèrè gba igi, ó gbá bọ́ọ̀lù – gbàà! – sórí tábìlì tààrà. Pápá hó. Ó sunkún èké, ó jó lọ yí kòkó, fèrè lẹ́nu. Ẹni tó tẹ̀lé e náà gbá a síbẹ̀. Ẹni kẹta náà. Mo fura pé ṣe ni wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Míìsì Croft gbóòórùn kòkó, ó gé ọ̀kan jẹ, ó ní òun ò tíì rí èyí tí wọ́n yí dáadáa tó báyìí. Wọ́n fún un ní igi. Òun náà gbá a sórí tábìlì! Òun náà yí i.

Ayọ̀ mi ò ṣeé kọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Èsì Míìsì Croft dé. Ó fẹ́ rà á. Gbogbo rẹ̀, títí ọdún á fi parí. Mo pariwo, mo sáré sọ fún Màmá Àgbà Fetuao, àgbà ilé wa, tó ń mu kòkó eléèéfín rẹ̀ nínú kọ́ọ̀pù tánganran.

"Gbogbo rẹ̀ kẹ̀? Kí làwa ó wá máa mu?" Mo ní a lè ṣẹ́ díẹ̀ kù nínú ti oòrùn. Ó yọ ṣùtì. "Èyí tí kò léèéfín yẹn? Ìsìn tí kò lórin."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn àgbàlagbà ilé mìíràn ti ń dé, oníkálukú pẹ̀lú kọ́ọ̀pù rẹ̀. N kò ya róbótó kankan fún àwọn tó ń mu ún! Àwọn àgbẹ̀ ní kí a tà á tán, nǹkan ń bẹ nílé láti fi owó rẹ̀ ṣe. Bí mo bá sì dá díẹ̀ dúró fún iná igi, ṣé Míìsì Croft kò ní bínú lọ? Baba Ọ̀pá ní èmi ni kí n dá a lóhùn. Àǹtí ní, "Ohun tó o bá sọ la máa ṣe." Inú mi ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ìwé mi, o ò gbin kòkó, o ò rà á, o kì í mu ún. Ìwọ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ò kàn. Gbà mí nímọ̀ràn: ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá láàárọ̀ ọ̀la?