Àgbò Tí A Dú Láàárọ̀ Yìí

Bàbá Zàhràh,

Mi ò lè dúró kí ẹ ti ọjà Asafo dé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni se ẹran tó wà nínú fìríìjì, kódà ẹ̀dọ̀ tí ìyá yín ń béèrè. Awọ rẹ̀ wà lábẹ́ tapólì, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Mo mọ̀ pé nígbà tí àgbò náà ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lẹ́yìn àsùbáà, torí kó má baà kú kó di haraamu lẹ ṣe sáré mú ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dúdú, kò sì dì títí a fi fọ ilẹ̀. Mo ti fi òwú gba díẹ̀, mò ń gbé e lọ sí láàbù níbi iṣẹ́ mi. Bó bá jẹ́ àrùn tí mo fura sí, ó ń ran èèyàn. Èsì á jáde kó tó di ìrun alásárì.

Itan tí ẹ fi ránṣẹ́ sí Maame Afua aládùúgbò wa, mo ti gbà á padà. Ó bi mí pé adɛn, pé kí ló dé.

Ẹ máa wo àtàǹpàkò yín tí ọ̀bẹ gé lánàá, ẹ̀jẹ̀ àgbò náà kàn án láàárọ̀ yìí. Bó bá wú, ẹ lọ sí ọsibítù, ẹ má dúró dè mí.

Ojoojúmọ́ ni mò ń kìlọ̀ fún àwọn alápatà pé ẹran tó bá ṣubú lójijì, wọn ò gbọdọ̀ fi ọ̀bẹ kàn án. Láàárọ̀ yìí, ìyá yín ń wò mí, mo dákẹ́. Fọ́ọ̀mù wa máa ń béèrè àwọn tó fọwọ́ kan ẹran. Orúkọ yín ló ṣìkejì. Èmi tí mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú ni mo kọ́kọ́ kọ.

Sùwéébátù