Bíréèkì Tó Já Wa Kulẹ̀ ní Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Too-Ashuu

Toktogul,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹsàn-án.

Kubat, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni gbogbo yín ní Osh? Ṣé ara Nazgul ìyàwó rẹ le, ṣé ọmọ ń jẹun dáadáa? Ọlọ́run yóò máa dá yín sí. Ní tèmi, mi ò lè fìdí lé ìjókòó. Mo kọ ìlà méjì, mo dìde lọ wo títì, mo tún padà wá. Irọ́ ni mo pa fún ọ lórí fóònù. Ìyá rẹ ò ṣubú lágbàlá. Èmi ni mo jẹ́ kí apá rẹ̀ kán.

Kara-Balta là ń lọ lọ́jọ́ náà, síbi ìgbéyàwó ọmọ àbúrò rẹ̀. Mo ti kó ìgò oyin mẹ́wàá sẹ́yìn ọkọ̀. Bí mo ṣe fẹ́ ṣíná sí i, ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú. Ó ní, “Bàbá Kubat, ẹ wá wo nǹkan tó ń kán sílẹ̀ yìí. Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń rí i.” Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, “Àṣé ìyàwó mi ti di mẹkáníìkì! Tó o bá tún un ṣe tán, kó o pè mí.” Ó wọ inú ọkọ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Ní àfonífojì Suusamyr, àwọn àgùntàn ń sọdá títì. Mo tẹ bíréèkì, ó rì ju bó ṣe máa ń rì lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó mú. Mo mọ̀, ọmọ mi. Inú mi sọ fún mi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ti fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀, báwo ni yóò ṣe jẹ́wọ́ lọ́sàn-án? Mo yí rédíò sókè.

A jáde nínú ihò tí ọ̀nà gbà kọjá lábẹ́ òkè Too-Ashuu, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Ní kọ́nà kẹta mo tẹ bíréèkì, ó dà bí ẹni tẹ wàrà. Ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀ ọkọ̀. Tírélà èédú kan ń rìn jẹ́jẹ́ níwájú wa. Mo fa jíà wálẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń ké. Mo fa bíréèkì ọwọ́, òórùn ìjóná gba inú ọkọ̀. Ìyá rẹ ò pariwo. Ó kàn nawọ́ sí òkìtì òkúta wẹ́wẹ́ tí àwọn tó ń ṣe títì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà: “Ibẹ̀ yẹn! Ẹ darí síbẹ̀!” Mo darí ọkọ̀ síbẹ̀, òkìtì náà sì dá a dúró. Ìgò oyin fọ́ yángá, apá ìyá rẹ sì gbá iwájú ọkọ̀.

Ergesh, ará Jalal-Abad tó wa tírélà náà, sáré gòkè wá bá wa. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ọ́ìlì rin ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó jáde. “Bàbá, rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì bíréèkì yín ti bẹ́. Kò bẹ̀rẹ̀ lónìí o. Bíréèkì kì í déédéé kú, ó máa ń ránṣẹ́. Ṣé ẹ ò rí iṣẹ́ rẹ̀ gbà ni?” Ìyá rẹ wò mí. Mo wolẹ̀. Ergesh ló gbé wa dé ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti to eegun rẹ̀.

Ohun tí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ rèé: èmi ni mo kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà. Èmi ni mo sọ fún ọ pé ọkọ̀ tó bá ń pariwo kò tíì kú. Lọ́dún tó kọjá, tí Nazgul ní táyà iwájú yín ń súfèé, ọ̀rọ̀ yẹn lo fi dá a lóhùn, èmi náà sì bá ọ rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ Ẹtì lẹ fẹ́ wá, tẹ̀yin tọmọ, gba gbogbo kọ́nà etí odò Naryn. Mo bẹ̀ ọ́, má gbéra títí mẹkáníìkì yóò fi wo abẹ́ ọkọ̀ yẹn ní rọ́bà kọ̀ọ̀kan. Kó o tó lọ bá a, bi Nazgul ní ohun tó ń gbọ́. Gbọ́ ọ dópin, má sì rẹ́rìn-ín. Bí àyè ò bá sí, ẹ wọ bọ́ọ̀sì wá.

Ẹ ò ní rí ibi lọ́nà. Ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire, ojú wa yóò sì rí ara wa láyọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ tí ojú ń tì,
Tologon.

Mo tún rántí: ìyá rẹ ti ka lẹ́tà yìí. Ó ní mo fo ibì kan, kí n kọ ọ́ síbí. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, èmi ni mo ń sunkún. Òun ló ń fi apá kan tó kù nù mí lójú.