Odile Gbé Ẹni Tó Lù Dìde

Ẹ̀gbọ́n mi Rosalie,

Mo kí ẹ̀yin, ọkọ yín àtàwọn ọmọ ní Dakar. Ara Màmá ti le, ìrẹsì wa náà ti ń yọ orí.

Ọ̀rọ̀ Odile ọmọbìnrin mi ni mo fi ń kọ̀wé. Kò sẹ́ni tó lè fẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀ nínú ìjàkadì mọ́ lábúlé wa. Ìjà ẹ̀ṣẹ́ ló fẹ́ kọ́, àpò koríko nìkan ló sì ń rí lù. Mo mú un lọ sí Ziguinchor, níbi kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń kọ́ni nítòsí. Ó lu ọmọbìnrin kan ṣubú, ló bá fà á dìde, ó ń gbọn eruku ara rẹ̀ nù, bí a ti ń ṣe fún ẹni tí a bá dá nínú ìjàkadì nílé.

"Ìyá ìkókó, tí ẹnìkan bá ṣubú, igun ni kóo lọ dúró sí," ni Kóòṣì Ansou tó ń kọ́ wọn wí.

"Ta ló wá máa gbé e dìde, sà?"

Kóòṣì rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ọwọ́ rẹ̀ ti ju Ziguinchor lọ, pé Dakar ló kàn fún ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Mi ò tíì mọ̀ bóyá ó yẹ kí ọmọ fi ẹ̀ṣẹ́ jẹun, ṣùgbọ́n n kò rí i kí inú rẹ̀ dùn báyìí rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á sílé. Kí wọ́n kọ́ ọ ní gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀, àmọ́ kó ṣì máa gbé ẹni tó bá lù dìde.

Ilé yín á tòrò.

Àbúrò yín,
Etienne