Ìrora Tí O Pè Ní Ọ̀lẹ

Agboolé Odùkọ̀yà,
Ẹlẹ́kọ, Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì.
Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Àlásárì.

Tàjùdéèn Àkànní ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo gbà á ládùúrà pé ara rẹ le, pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa ní èbúté, àti pé ẹsẹ̀ tí o fi gbá irin lọ́jọ́sí ti jinná. Ara tèmi náà le, Alhamdulilahi, ọkàn mi nìkan ni kò le. Mo fi ìwé ránṣẹ́ nítorí pé gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù ni o máa ń pa á mọ́ mi létí. Bóyá ìwé á jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi.

O ránṣẹ́ pé kí n múra de Jímọ̀, kí n bá ọ lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé ọmọbìnrin kan ní Àjàh, o sì júwe ilé wọn fún mi. O ní Hameedah ìyàwó rẹ kò lè bímọ mọ́, ife rọ́bà tó ń lò fún nǹkan oṣù ló bà á jẹ́. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo wà nílé rẹ, Tàjù. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí mo wá kí yín lẹ́yìn Iléyá, mo jí ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá Hameedah nílẹ̀ẹ́lẹ̀ bálùwẹ̀, ó ká jọ bí edé. Ó ní, "Màámi, ẹ má bínú, nǹkan oṣù ni. Ó máa lọ." Mo se omi, mo rọ ọ́ sínú ìgò rọ́bà, mo fi aṣọ wé e, mo gbé e lé e nínú. Ìwọ kọjá lẹ́nu ọ̀nà, o ń de bẹ́líìtì rẹ, o ní, "Gbogbo oṣù ló ń ṣe eré yìí. Ọ̀lẹ ni. Ṣé òun nìkan ni obìnrin láyé ni?" Lẹ́yìn náà, o béèrè oúnjẹ àárọ̀.

Ọjọ́ yẹn ló fi ife rọ́bà náà hàn mí. Mo kọ́kọ́ rò pé ohun ìṣeré ọmọdé ni. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ká a, tí wọ́n á tì í sójú ara, tí yóò máa gba ẹ̀jẹ̀ dípò páàdì; bí wọ́n ṣe ń dà á nù, tí wọ́n á fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́, tí wọ́n á sì sè é nínú omi híhó bí nǹkan oṣù bá ti parí. Èmi tí mo fi àkísà lo ìgbà èwe mi, tí mo ń sá a sábẹ́ ìró kí bàbá mi má baà rí i, mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí gbọ́n. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màámi, kì í tètè kún báyìí tẹ́lẹ̀. Mo lè lò ó láti àárọ̀ títí n ó fi ti ibi iṣẹ́ ní Oníru dé. Ní báyìí, kí n tó dé ọ́fíìsì ló ti kún. Mo fẹ́ kí dókítà yẹ̀ mí wò." Mo bi í bóyá ó ti sọ fún ọ. Ó ní o ti sọ pé ife náà ló ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde, òun náà ló sì ń dí ọmọ lọ́nà.

Ife yẹn kì í dí ọmọ lọ́nà, Àkànní. Ìgbà tí obìnrin bá ń ṣe nǹkan oṣù nìkan ló ń lò ó. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ ní pálọ̀, o ní, "Màámi, ẹ ò mọ nǹkan tí àwọn obìnrin ayé ìsinyìí ń ṣe." Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, o bá ife náà nínú ìkòkò kékeré lórí iná. O yọ ọ́, o fi ọ̀bẹ gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, o dà á sínú garawa ìdọ̀tí lójú mi, lójú ìyàwó rẹ. Kò bá ọ jà. Ó pa iná, ó da omi nù.

Kò pẹ́ sí i tó ṣubú lẹ́nu iṣẹ́. Páàdì ò gba ẹ̀jẹ̀ náà mọ́, gbogbo àga tó jókòó lé ló rin. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló gbé e lọ sí ọsibítù, àwọn ló sì pè mí. Mo pè ọ́ títí. Nígbà tí o gbé e, o ní ọkọ̀ òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀, o ò lè kúrò, kí n sọ fún un kó mọ́kàn le. Dókítà ní fáíbírọ́ìdì ló wà nínú ilé ọmọ rẹ̀, ó ti ń dàgbà tipẹ́, òun ló ń fa ìrora àti ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ó bi mí pé kí ló dé tí wọn ò tètè gbé e wá. Orúkọ rẹ dé ètè mi, mo gbé e mì. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kọ̀ tí kò dá, wọ́n ní bí àwọn ò bá yọ ilé ọmọ náà, yóò kú. Hameedah fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i. Ọwọ́ kejì wà nínú ọwọ́ mi.

Ọjọ́ kejì lo tó dé. O dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, o ní, "Ṣé ẹ ti rí i? Mo sọ fún un." Èmi ni mo bí ọ, èmi ni mo fún ọ lọ́mú. Mo wo ojú rẹ lọ́jọ́ náà, mi ò dá a mọ̀.

Ọ̀dọ̀ mi ni Hameedah wà báyìí. Ó ń mu ògì díẹ̀díẹ̀. Bí àwọn apẹja bá ń wọ́ ọkọ̀ gòkè, á jókòó, á máa wò wọ́n. Kì í dárúkọ rẹ. Àná ló bi mí pé, "Màámi, ká ní mo ti lọ sí ọsibítù láì sọ fún un ńkọ́?"

Nítorí náà, mi ò ní bá ọ lọ ní Jímọ̀. Mo ti lọ. Láàárọ̀ yìí ni mo wọkọ̀ lọ sí Àjàh, tí mo bá ìyá ọmọbìnrin náà nílé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀. Nígbà tó gbọ́ tán, ó pe ọmọ rẹ̀ jáde láti yàrá, ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́. Kí ó má jẹ́ kí irin já lé ọ lórí. Kí ó sì fún ọ ní etí tí yóò máa gbọ́ igbe ará ilé rẹ kó tó di ẹkún òkú. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, tí kò lè kọ̀ ọ́ lọ́mọ bó tilẹ̀ wù ú,

Rọ̀kíbátù.

Àfikún: Quadri àbúrò rẹ yóò wá kó ẹrù Hameedah ní Sátidé. Ṣílẹ̀kùn fún un. Má tẹ̀ lé e wá.