Ìhágún Ọ̀gá Àgbà Pàṣán-Kò-Gbẹ̀bẹ̀ Nítorí Ẹsẹ̀ Mágbọ̀n Ajá Rẹ̀

Èmi, Ọ̀gá Àgbà àtijọ́ fún ilé ẹ̀kọ́ girama tó wà lórí òkè, ẹni tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń pè ní Pàṣán-Kò-Gbẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn mi, tí wọ́n sì ń pè ní Sà lójú mi, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Mo sọ ọ́ níwájú gbogbo ayé pé orí mi pé, ọpọlọ mi jí pépé, ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi, n kò sì mu ọtí. Òótọ́ ni pé wọ́n ti sin mí lóṣù tó kọjá. Ìyẹn kò dí mi lọ́wọ́. Ẹni tó bá rò pé ikú lè pa mí lẹ́nu mọ́ kò jókòó ní kíláàsì mi rí.

Àwọn tí mo yàn láti mú ìwé yìí ṣẹ ni dókítà ẹranko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ báńkì, àti ìyá alágbàfọ̀ tó ti ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì mi láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Ẹni tí mo dìídì kọ ọ́ sí ni ọmọ mi obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Kí ó jókòó kí ó tó kà á. Kí ó má sì ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

1. Ilé mi tó ní géètì onírin, pẹ̀lú gbogbo yàrá rẹ̀ àti kànga ẹ̀yìnkùlé, mo fi fún ọmọ mi obìnrin pátápátá. Òrùlé pálọ̀ ń jò ní igun ọwọ́ òsì. Ike tó wà lábẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe fún ẹwà.

Géètì yìí ni wọ́n ṣí sílẹ̀ gbayawu lọ́jọ́ tí wọ́n wá kó ẹrù mi. Ọmọ mi ló ní kí wọ́n ṣí i, kí ajá mi lè wá ọ̀nà ara rẹ̀ lọ, nítorí pé yàrá kan ṣoṣo ni òun háyà nílùú tó ń gbé, onílé rẹ̀ kò sì fẹ́ ajá. N kò bá a wí. Àmọ́ ajá tí a bá ní kó wá ọ̀nà ara rẹ̀ lọ, ọ̀nà ọ̀gá rẹ̀ ló máa wá.

2. Àga aláwọ tí mo máa ń jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èyí tí apá rẹ̀ kan ti ya, mo fi fún Mágbọ̀n, ajá mi. Inú gọ́tà ni mo ti gbé e nígbà tó wà ní ọmọ ọwọ́, tí òjò ń rọ̀ lé e, tó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì. Wọ́n ní orúkọ a máa ro ọmọ. Ti ajá yìí kò rò ó, ó ṣì ń gbọ̀n.

Àga yìí ló wà lẹ́yìn lọ́rì lọ́jọ́ náà. Mágbọ̀n rí àga, ó sáré tẹ̀ lé àga. Nígbà tí dírẹ́bà fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn kó lè yà ní kọ̀rọ̀, táyà gun ẹsẹ̀ ajá náà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Ariwo ẹ́ńjìnnì kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ igbe rẹ̀. Ẹnì kan ṣáà gbọ́, ó gbé e lé èjìká, ó sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ya àwòrán egungun náà, ó ní ó ti fọ́, pé bí wọn kò bá fi irin so ó pọ̀ kíákíá, ẹsẹ̀ á jẹrà, ìjẹrà náà á sì gun òkè lọ bá gbogbo ara. Ọ̀la ni iṣẹ́ abẹ. Owó rẹ̀ kò tíì pé. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe jí kọ̀wé.

3. Makirofóònù ilé ẹ̀kọ́, tí mo gbé lọ sílé nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, tí mo sì sọ fún wọn pé olè ló jí i, mo fi fún ọmọkùnrin ìyá alágbàfọ̀.

Àwọn aráàdúgbò ń pe ọmọ yìí ní Ayékòótọ́, bí ẹyẹ odídẹ, nítorí pé kò sí ẹni tí kò lè sín jẹ. Kíláàsì kẹta ló wà lọ́jọ́ tó yọ́ wọ ọ́fíìsì mi nígbà tí mo lọ jẹun, tó fi ohùn mi kéde lórí makirofóònù yìí pé ìsinmi ti dé, kí kálukú máa lọ sílé. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tú. Àwọn tíṣà pàápàá lọ. Tíṣà ìṣirò ti wọ ọkọ̀ kí n tó jáde. Mo lé ọmọ náà, kò sì padà wá mọ́. Bí mo ṣe wá ń wo ọ̀rọ̀ náà láti ibi tí mo wà yìí, mo rí i pé ọlọ́pọlọ pípé ni, ojú rẹ̀ sì dára. Kí wọ́n fi èyí sí àkọsílẹ̀.

4. Gbèsè tí mo jẹ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mi, mo ti ń san án ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tí Ayékòótọ́ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ayékòótọ́ gbé ike kiri àdúgbò, ó ń tọrọ owó fún ẹsẹ̀ ajá. Wọ́n bú u. Wọ́n ní èèyàn ń ṣàìsàn kò rówó oògùn, ajá wá ń gba abẹ́rẹ́. Onígbàjámọ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rin ṣáà ni Ọlọ́run fún ajá, kó máa fi ìyókù rìn. Ni ọmọ náà bá fi ohùn mi dáhùn: kí onígbàjámọ̀ dìde nígbà tó bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀, kó sì ki ṣẹ́ẹ̀tì bọ ṣòkòtò. Baba onírùngbọ̀n dìde o! Ó ki ṣẹ́ẹ̀tì bọ ṣòkòtò. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sọ owó sínú ike, ó ní kó tún un ṣe.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Oníbúrẹ́dì, tí mo sọ fún nígbà kan pé orí rẹ̀ le bí ọmọ ọlọ, ní kí n tún bi òun ní ìṣirò. Ó gbà á. Mo ní ó káre. Ó kúrò níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi jẹ ọba. Ìyá aránṣọ kò fẹ́ kí n sọ nǹkan kan ní tirẹ̀. Ó ní kí n ṣáà máa hùn, nítorí òun ní ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ bá mi sọ láti ọjọ́ tí mo ti nà án lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ohun tí kò ṣe. Ó sọ ọ́. Ó gùn. Ọmọ náà ń hùn. Nígbà tí obìnrin náà parí, ó nu ojú, ó sanwó, ó ní ó dàárọ̀, Sà. Ayùn káfíńtà wà nínú pákó, ẹnikẹ́ni kò fà á.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti kọ́kọ́ bà mí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ayékòótọ́ délé, ó kí ìyá rẹ̀, ohùn mi ló jáde. Òun kọ́ ló pè é jáde. Ìyá rẹ̀ ti kúnlẹ̀ kó tó rántí pé òun ló bí i. Áyọ́ọ̀nù tó fi sílẹ̀ jó ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì òṣìṣẹ́ báńkì kan. Kí wọ́n yọ owó ṣẹ́ẹ̀tì náà nínú ogún mi.

5. Ohùn mi, n kò fi fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn yá wọn ni.

Mágbọ̀n kì í jẹ́ kí dókítà fọwọ́ kan òun. Ó ti bù ú jẹ ní àtàǹpàkò. Ohùn mi nìkan ló lè mú kó dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́. Nítorí náà ni dókítà ṣe ní kí Ayékòótọ́ dúró létí tábìlì lọ́la, kó máa fi ohùn náà pè é títí abẹ́rẹ́ oorun yóò fi mú un. Dókítà kò fi bò: ajá náà ti rù, ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀, ó lè sùn kó má jí.

6. Ó ku ti ọmọ mi.

Lánàá, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí àwọn yòókù fi lọ. Ó ní òun kò mọ̀ pé ọkọ̀ gun ajá náà, àná ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Ó ní òun á san gbogbo owó tó kù, bí ọmọ náà bá lè fi ohùn mi sọ gbólóhùn kan ṣoṣo fún òun, pé mo ti dárí jì í. Ọmọ náà la ẹnu. Ó tún pa á dé. Ó bẹ́ gba ojú fèrèsé, ó fi bàtà kan sílẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ síbí. Ìwọ ọmọ mi, láti ọjọ́ tí o ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ irun, tí mo sọ ohun tí mo sọ fún ọ lórí fóònù, tí o kò sì pè mí mọ́, mo ti

Mo ti

N kò lè parí ẹ̀. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kì í ṣe bàbá yín ló ń kọ̀wé. Èmi Ayékòótọ́ ni. Ẹ̀yin náà á ti mọ̀ látìgbà tí mo ti ní ojú mi dára.

Àwọn tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ̀ pé èmi ni. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó sunkún. Ẹ̀yin kò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ohùn bàbá yín pe Mágbọ̀n, kò wò mí lójú, ẹ̀yìn mi ló ń wò, ó ń wá ẹni tó ni ohùn. Lánàá, bí mo ṣe la ẹnu, ẹ̀yin náà wo ẹ̀yìn mi. Mo sá.

Mo fẹ́ owó náà o. Bí ẹ bá ní kí n gbó bí ajá ní iwájú báńkì, màá gbó. Àmọ́ n kò gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu bàbá yín rí, n kò sì lè sín ohun tí n kò gbọ́ jẹ. Ohun tí mo gbọ́ ni mo lè sọ. Ẹ̀yìn ògiri ọgbà yín ni mo máa ń lúgọ sí nírọ̀lẹ́ láti kọ́ ohùn wọn, kí n lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ẹ ṣì ń pè lọ́jọọjọ́ Àìkú, wọ́n máa ń gbé fóònù sí apá àga tó ya yẹn, kí ohùn yín lè jáde síta. Ẹ máa ń bi Mágbọ̀n bóyá ó ti jẹun. Ìrù rẹ̀ á máa na ẹsẹ̀ àga, mo ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo wà. Lẹ́yìn tí ẹ kò pè mọ́, wọ́n ṣì ń gbé fóònù síbẹ̀. Wọ́n á sọ fún ajá náà pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tíì pè, pé ó máa pè, kó má gbọ̀n. N kò gbọ́ ìdáríjì. N kò gbọ́ ìbínú náà. Èyí tí mo gbọ́ nìyẹn, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, títí wọ́n fi kú.

Ẹ̀rù ń bà mí, àǹtí. Bí Mágbọ̀n bá sùn lọ́la tí kò jí, irọ́ mi ló máa gbọ́ gbẹ̀yìn. Ẹ wá. Ẹ bá mi dúró létí tábìlì, ẹ bi í bóyá ó ti jẹun. Kò ní tíì jẹun, dókítà ti kìlọ̀, àmọ́ ẹ ṣáà bi í. Ó mọ ohùn yín. Èmi á dákẹ́.

Mo fọwọ́ sí i ní ọjọ́ tó ṣíwájú iṣẹ́ abẹ:
Ayékòótọ́, ọmọ ìyá alágbàfọ̀

Ẹlẹ́rìí kìíní: Káfíńtà. Ó kà á, ó ní kí n fọ bàtà tí mo fi sílẹ̀.

Ẹlẹ́rìí kejì: Ìyá alágbàfọ̀. Wọ́n tẹ̀ka. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì kò tíì parí.

Ẹlẹ́rìí kẹta: Ẹ̀gbọ́n Mágbọ̀n. Mo fi àyè yín sílẹ̀. A máa wà níbẹ̀ láàárọ̀, kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́.